Owó Ojú Ìyá Ẹ̀rí

Bí ẹ bá wọ ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, tí ẹ béèrè Ìyá Ẹ̀rí tó ń ta abọ́ rọ́bà, ẹni méjì lè júwe rẹ̀ fún yín kí ẹ rò pé obìnrin méjì ni. Ọ̀kan á ní ahun ni, pé àjákù ọṣẹ ló ń lẹ̀ mọ́ra kó tó wẹ̀. Èkejì á ní kò sí ẹni tó lawọ́ tó o, nítorí nígbà tí Raliat tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ bímọ, Ìyá Ẹ̀rí ló ra gbogbo ohun tí ọmọ lò fún odidi oṣù kan. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Kò yé ará ọjà, kò sì yé Ìyá Ẹ̀rí, Àtinúkẹ́ fúnra rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ẹ̀ríolúwa, ọmọ rẹ̀ tó ń fi ọkọ̀ kó iṣu láti Ìkòyí-Ilé, kó owó táyà tó ti ń tù jọ fún un: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án náírà.

"Màámi, ojú lọba ara. Ẹ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà l'Ógbómọ̀ṣọ́ kó tó di pé ẹ ò ríran mọ́."

Ó lọ. Ọmọbìnrin tó ń gbowó nílé ìwòsàn sọ iye rẹ̀, gẹ́lẹ́ bí Ẹ̀rí ti wí.

"Gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún," ni Ìyá Ẹ̀rí wí.

"Ah, Mama, a kì í ná owó iṣẹ́ abẹ o. Fixed price ni."

Fixed price kẹ̀! Inú bí i. Ó mọ̀ pé owó wà lápò, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò wọ àpò. Owó yòówù tó bá fẹ́ ná lé ara rẹ̀ lórí ló máa ń dùn ún bí ẹni pé ó jí i. Ó dìde, ó jáde.

Ó rìn dé Ọjà Igbó láti wá mọ́tò, ibẹ̀ ló ti rí aṣọ àrán kan tó so rọ̀ níwájú ìsọ̀. Búlúù tó jinlẹ̀! Ó rántí pé aṣọ ìkélé pẹpẹ ìjọ wọn ti fàya. "Èyí tó so sókè yìí ni mo fẹ́." Wọ́n pe ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ. Ìyá Ẹ̀rí, tó ń fi ìdajì wákàtí ná ata, san án lójú ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ jó.

Inú mọ́tò ni orí rẹ̀ ti wá dàrú. Ṣé ọwọ́ tó kọ̀ láàárọ̀ náà ló náwó yìí? Bó bá jẹ́ Ọlọ́run ló rán an, kí ló dé tí àyà rẹ̀ ń já? Bó bá jẹ́ ìwà òmùgọ̀ ni, kí ló dé tí inú rẹ̀ dùn? Kí ló máa wí fún Ẹ̀rí? Ó rò ó títí wọ́n fi dé Ọ̀yọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ó gbé aṣọ náà fún Alàgbà Josiah, olórí ìjọ. Alàgbà tú u.

"Ìyá Ẹ̀rí, ta ló yan àwọ̀ yìí?"

"Èmi ni, sà. Búlúù pẹpẹ. Àbí kò wù yín ni?"

"Dúdú ni, Ìyá. Dúdú bíi kóró iṣin."

Nínú ìjọ wọn, aṣọ dúdú kì í dé ibi pẹpẹ láéláé. Alàgbà ká a, ó gbé e lé e nítan.

"Ọlọ́run ò gba eléyìí o. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, kí ẹ fi owó rẹ̀ wo ojú yín."

Àtinúkẹ́ jókòó sójú kan. Kò mọ̀ bóyá ìbáwí nìyẹn tàbí ìbùkún. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò sí ẹni tó kọ ọrẹ rẹ̀ rí. Ó gbé aṣọ náà sún mọ́ ojú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbé e lọ sídìí fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Búlúù ló ń rí.