Máṣíìnì Màámi àti Ẹsẹ̀ Rọra

Rọra kọ́ lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àwa ará àdúgbò la fún un, torí ohun tí gbogbo wa máa ń ké sí i láti ojú fèrèsé nìyẹn: "Rọra! Rọra o!" Nígbà tó yá, a ò mọ̀ mọ́ bóyá à ń bẹ̀ ẹ́ ni àbí à ń pè é. Òun náà sì máa ń dáhùn. Rírọra gan-an ni kì í rọra.

Ìlù ló ń lù. Kì í ṣe ìlù tí èèyàn ń jó sí. Nínú orin tiwọn, gìtá oníná a máa ké bí ayùn tó bá ìṣó pàdé nínú pákó, olórin a máa bú ramúramù bí ẹni tí wọ́n fa àga yọ lábẹ́ ẹ̀, onílù a sì máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì sáré lórí ìlù ńlá kan ṣoṣo. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é ní orin onírin. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ onígbàjámọ̀, ní orúkọ mìíràn fún un, àmọ́ ó máa ń dúró kí oníbàárà jáde kó tó pè é.

Bí ẹ bá bi Rọra léèrè ẹni tó kọ́ ọ, á ní Sájẹ́ǹtì ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan ni Sájẹ́ǹtì kọ́ ọ. Ẹni tó kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ò mọ̀ pé òun kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Télọ̀ ni ìyá rẹ̀. Abẹ́ máṣíìnì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí nígbà tó wà níkòókó, torí ibẹ̀ nìkan ni oníbàárà ò ti lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni. Kí ọmọ náà tó mọ ojú ìyá rẹ̀ dáadáa ló ti mọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀: ọ̀tún síwájú, òsì sẹ́yìn díẹ̀, ọ̀kan ń tì, ọ̀kan ń gbà. Bí ojú rírán bá lọ tààrà, ẹsẹ̀ a sáré. Bó bá kan ibi tí wọ́n ti ń so apá ẹ̀wù mọ́ èjìká, ẹsẹ̀ a fà sẹ́yìn, a dúró bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, a tún gbéra.

Ó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ nígbà tí ìyá lọ sókè òkun, níbi tó ti ń tọ́jú ìyá àgbàlagbà fún àwọn ọmọ tí kò ráyè. Ọdún méjì ló ní òun máa lò. Èèyàn ò tíì rí kàlẹ́ńdà tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń ka ọdún méjì wọn. Òfin kan ṣoṣo ló fi lé máṣíìnì náà lórí: "Ẹ ò gbọdọ̀ wà á láìsí aṣọ lábẹ́ ẹ̀ o. Eyín ẹ̀ á máa jẹ ara ẹ̀." Bàbá fi aṣọ bò ó, ó sì sún un mọ́ igun ilé, bí ẹni pé òun náà ń retí.

Sájẹ́ǹtì ti fẹ̀yìn tì nínú ẹgbẹ́ olórin ọlọ́pàá. Kò mú ọ̀daràn kankan rí láyé ẹ̀. Nígbà tí Rọra lọ bá a pé òun fẹ́ kọ́ ìlù, ìrọ̀rí ló gbé lé e lọ́wọ́.

"Lù ú."

"Sà, kò dún."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ tó bá dún létí mi, màá gbé ìlù fún ẹ."

Ó pẹ́ kó tó dún. Òwú ìrọ̀rí ti ń jáde nígbà tí bàbá àgbà náà lajú láti ibi tó ti ń tòògbé, tó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Mo gbọ́ ìyẹn."

Orin onírin ti ọwọ́ Dókítà wọlé. Fóònù ni Dókítà ń tún ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn rẹ̀ kì í jí, ṣùgbọ́n ó mọ gìtá ta. Ó ti ohun ìgbọ́rin bọ Rọra létí lọ́jọ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Dókítà, fóònù yìí ti bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́. Bó ṣe máa ń dún nìyẹn. Fara balẹ̀."

Rọra fara balẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ gbogbo ìjà yẹn, ó gbọ́ ẹsẹ̀ méjì: ọ̀kan ń tì, ọ̀kan ń gbà. Ó yọ ohun ìgbọ́rin, ó ń wo ilẹ̀.

"Ẹsẹ̀ Màámi nìyẹn."

"Màmá ẹ ń lùlù?"

"Rárá o. Aṣọ ló ń rán."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi máṣíìnì kọ́ ẹsẹ̀. Ó tú bẹ́líìtì tó ń yí máṣíìnì kúrò kí abẹ́rẹ́ má bàa rìn, ó wá ń tẹ ìsàlẹ̀ nìkan. Kò sì rú òfin náà. Nígbà tí òun àti Dókítà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù jórinjórin ni wọ́n ń lò, torí àwọn aládùúgbò ibẹ̀ ti sọ̀rètí nù tipẹ́. Wọ́n gba orin kan sílẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ni ìyá máa ń pè.

"Ọkọ mi, mo gbọ́ ọ o. Ta ni wọ́n ń nà níbẹ̀?"

"Olórin wa ni, Màámi."

"Kí ló ṣe?"

"Orin ló ń kọ, Màámi."

"Ẹ̀n. Ẹ bá mi kí i. Nínú gbogbo ẹ̀, èwo wá ni tìẹ?"

"Ìlù ni."

"Mo mọ̀. Èwo ni ìlù níbẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn há a lọ́fun bí eegun ẹja. Àwọn èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́ fún un nígbà yẹn, àmọ́ pàtẹ́wọ́ ò yọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ, kó sì mọ̀ pé òun ni. Nígbà tí ìyá tún pè, ó gbé fóònù síwájú ìlù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù jórinjórin, ó lù ú títí òógùn fi bò ó lójú.

"Màámi, ẹ gbọ́?"

"Mo ń dúró dè yín. Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀?"

Dókítà ló ṣàlàyé. "Wọ́n kọ́ fóònù yìí pé ohùn èèyàn ni kó gbé lọ, kó da ariwo nù. Ó gbọ́ ẹ dáadáa, ó kàn rò pé ariwo lásán ni ẹ́ ni."

"Òun àti bàbá mi," Rọra ní, "ilé ìwé kan náà ni wọ́n lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ilé ló jókòó sí. Ó ti dá bẹ́líìtì padà, ó gbé fóònù lé pákó máṣíìnì. Bàbá ń gé irun fún oníbàárà kan lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ń sọ̀rọ̀ ìyá àgbà tó ń tọ́jú, pé ó tún fi eyín àtọwọ́dá rẹ̀ pamọ́ sínú bàtà. Rọra gbé ẹsẹ̀ lé máṣíìnì, ó bẹ̀rẹ̀ orin náà. Ìkánjú ò jẹ́ kó rántí aṣọ. Fóònù tó ń da ariwo ńlá nù wá gbé ìró kékeré yìí lọ bí ẹni gbé ẹyin.

Ọ̀rọ̀ eyín dá lẹ́nu ìyá.

"Ta nìyẹn? Ta ló ń wa máṣíìnì mi láìsí aṣọ lábẹ́ ẹ̀?"

Ẹsẹ̀ Rọra gan. Bàbá gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ó tú aṣọ ọrùn oníbàárà, ó gbọn irun orí aṣọ náà dànù, ó wọlé, ó sì tẹ́ ẹ sábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Máa bá a lọ," ló wí. Kò wo ojú ọmọ rẹ̀.

Ó bá a lọ. Ó sáré níbi tó tọ́, ó dé ibi tí orin ti ń fà sẹ́yìn, ó dúró, ó gbéra. Nígbà tó parí, ó gbé fóònù sétí. Ó rò pé ó ti já.

"O sáré jù níbi ọrùn," ni ìyá wí níkẹyìn. "Àmọ́ ibi apá yẹn dáa. Ó dáa gan-an." Ó fọn imú.

"Màámi, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?" Irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n rẹ̀, ohùn ọmọdé ló fi bi í.

"Tún un ṣe, ọkọ mi. Padà síbi apá."

Láàárín ọ̀sẹ̀ ni ìyá fi ohùn ránṣẹ́ láti inú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́: "Mo tún gbọ́ orin yín. Mo ti rí ẹ. Ìsàlẹ̀ lo wà, lábẹ́ ẹni tí wọ́n ń nà yẹn."

Abẹ́rẹ́ tí kò lówú ti lu aṣọ onígbàjámọ̀ náà jálẹ̀jálẹ̀. Irun ń gba ihò rẹ̀ bọ́ sí wa lọ́rùn, ó ń yún wa, a sì ń ráhùn. Bàbá Rọra kọ̀, kò ra òmíràn. Ó ní kí a ní sùúrù, télọ̀ ló máa dí i, bó bá dé.