Ìkọ́ Ẹnu Ilé Adìyẹ

Ọwọ́ ni rakúùnù fi yàtọ̀ sí àwọn olè yòókù inú igbó. Akátá ní eyín, àṣá ní èékánná, ṣùgbọ́n ẹranko yìí, tí kò ju ológbò tó sanra lọ, tí ojú rẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n fi èédú kùn, ọmọ ìka márùn-ún márùn-ún ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti ọmọ jòjòló. Kò sì fi wọ́n ṣeré. Ó ń ṣí ìdérí, ó ń tú okùn, ó ń gbé ìkọ́ ilẹ̀kùn. Ní Quill Fork, láàrin àwọn òkè Kentucky ní Amẹ́ríkà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń sin adìyẹ tí kò tíì ṣépè fún rakúùnù rí, ẹ wò ó dáadáa, adìyẹ onígi ló ń sìn.

Orlena Gayheart, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, kì í ṣépè fún èèyàn. Rakúùnù nìkan ló ń ṣẹ́ ẹ fún, ó ní ọ̀rọ̀ náà yé Ọlọ́run.

Opó ni, ó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Ikọ́ tí ọkọ rẹ̀ kó nínú ihò tí wọ́n ti ń wa èédú ló pa á, ó ti pẹ́. Òun fúnra rẹ̀ lo ìgbà tó lágbára nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, nílé iṣẹ́ tó ń rán ṣòkòtò, ibẹ̀ ni làkúrègbé sì ti bá a wálé. Oríkèé ìka rẹ̀ wú, wọ́n lọ́ bí atalẹ̀. Àwọn adìyẹ abilà tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹyin wọn ló ń mú èèyàn yà sílé rẹ̀. Ẹni tó bá wá gba ẹyin á jókòó mu kọfí, á ròyìn ẹni tó bímọ àti ẹni tó kọ aya. Bí kò bá sí adìyẹ, ta ló fẹ́ gun òkè wá wo arúgbó?

Darvin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń to mọ́tò pọ̀ nílé iṣẹ́ kan ní ìlú Dayton. Ó ti pẹ́ tó ti ń rọ ìyá rẹ̀ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ilé tó dára ni, kápẹ́ẹ̀tì wà láti ẹnu ọ̀nà títí dé ilé ìwẹ̀. Orlena ti lọ sùn níbẹ̀ rí, ó ní ńṣe ló dà bíi pé òun ń rìn lórí àgùntàn. Wọ́n jiyàn títí ó fi sú wọn, ni wọ́n bá ṣe àdéhùn: níwọ̀n ìgbà tí Orlena bá ṣì lè tọ́jú adìyẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀, Darvin kò ní sọ̀rọ̀ Dayton. Ọjọ́ tí kò bá lè ṣe é mọ́, ó máa di ẹrù rẹ̀, á sì bá Darvin lọ.

Nígbà tí ewé ń wọ́ ni rakúùnù dé. Ó kọ́kọ́ dúró níta, ó ti ọwọ́ bọ ihò wáyà tó yí ilé adìyẹ ká, ó sì fa orí adìyẹ kan yọ. Orlena bá ìyókù lára wáyà láàárọ̀. Estill Watts, aládùúgbò rẹ̀, tí ìmọ̀ràn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ní kó gbé rédíò sínú ilé adìyẹ, kí rédíò máa sọ̀rọ̀ mọ́jú, kí rakúùnù lè rò pé èèyàn wà níbẹ̀.

“Ẹ yí i sí ti oníwàásù, Ànti Orlena. Kò sí ẹranko tó lè fara da oníwàásù.”

Orlena gbé e síbẹ̀. Rakúùnù gbọ́ ìwàásù, ó gbé ìkọ́ ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó sì jẹ adìyẹ méjì.

“Ó ti rí ìgbàlà, Estill,” ni Orlena wí. “Ó kù ká ṣèrìbọmi fún un.”

Darvin wálé fún àjọ̀dún Ọjọ́ Ìdúpẹ́ lóṣù kọkànlá. Kó tó fẹnu kan tòlótòló, ó ti yọ wáyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà dànù, ó kan èyí tó nípọn tí ihò rẹ̀ kò gba ìka, ó sì ri etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yí ilé adìyẹ ká. Lẹ́yìn náà ló so ìkọ́ irin kan mọ́ ẹnu ọ̀nà, irú èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi àtàǹpàkò tẹ ahọ́n rẹ̀ wọnú, kó tún yí i, kó tó já kí ilẹ̀kùn sì ṣí.

“Mọ́mì, bí rakúùnù bá ṣí eléyìí, màá bá a wáṣẹ́ ní Dayton.”

Rakúùnù kò rí i ṣí. Orlena náà kò rí i ṣí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Darvin padà, Orlena fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó fi eyín, ó fi ẹ̀mú. Àwọn adìyẹ ń ké nínú ilé, omi wọn ti tán. Oòrùn ti dé àtàrí kí Estill tó yọjú wá gba ẹyin, òun ló bá a ṣí i.

“Estill, tí Darvin bá gbọ́ èyí, o ò ní jẹ ẹyin mi mọ́ títí wọ́n á fi sin ẹ́.”

“Èmi kẹ̀? Mo ti gbàgbé pátápátá.”

Orlena gbìyànjú láti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìfi ìkọ́ náà kọ́ ọ. Ilẹ̀ mọ́, adìyẹ mẹ́ta ti bá rakúùnù lọ. Inú bí i débi pé ó da kọfí rẹ̀ nù. Ìbínú yẹn ló jẹ́ kó rántí ìyá ìyá rẹ̀, tó máa ń fi pọ̀tétò gbígbóná sápò àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé nínú yìnyín. Orlena sun méjì, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò kọ́ọ̀tù, ó dì wọ́n mú títí oríkèé rẹ̀ fi dẹ̀, ó sì tẹ ìkọ́ náà kí òtútù tó rántí rẹ̀. Ó já. Àwọn adìyẹ ló jẹ pọ̀tétò. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é láràárọ̀. Ó ń dùn ún, nígbà mìíràn omi á bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣí i.

Estill tó ti gbàgbé wá rántí, ó sì sọ ọ́ fún Darvin gan-an lórí fóònù. Ó ku díẹ̀ kí Kérésìmesì kó ni Darvin dé pẹ̀lú àwọn páálí òfìfo lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ parọ́ fún mi.”

“Irọ́ wo? Ṣé o bi mí ni?”

“Ẹ ti adìyẹ mọ́lé di ọ̀sán, ẹ ò lè ṣí i. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣubú sínú yìnyín ńkọ́?”

“Ìwọ Darvin, wọ́n ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. O ò tíì mú rakúùnù, èmi lo wá kó sínú páálí.”

“Àdéhùn ni àdéhùn. Ẹ ṣí i lójú mi. Tí ẹ bá ṣí i, màá lọ. Tí ẹ ò bá rí i ṣí, ẹ máa bá mi lọ.”

“Ó dáa. Jẹ bísíkíìtì tó wà níwájú ẹ tán ná.”

Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ tán. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Wọ́n jáde. Ẹ̀rù ń ba Orlena, kò sì wulẹ̀ tan ara rẹ̀ jẹ. Ó dúró nínú yìnyín, ọwọ́ méjèèjì di pọ̀tétò mú nínú àpò, ó dúró pẹ́ débi pé Darvin kàn ń mí sókè mí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ ọwọ́, ó tẹ ahọ́n irin náà, ó yí i, ó já. Àwọn adìyẹ tú jáde.

“Ó ti dẹ̀ ni,” Darvin wí. “Sípíríǹgì ẹ̀ ti kú. Ẹ wò ó.”

Ó fi ìkọ́ náà kọ́ padà kó lè fi han ìyá rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò já. Ó yí ẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́.

Orlena bú sẹ́rìn-ín. “Alágbára! Rọra o, rakúùnù ń wò ẹ́, ó ń kọ́ṣẹ́.”

Darvin tún gbìyànjú. Ó fi ọwọ́ kejì ti èyí àkọ́kọ́ lẹ́yìn, ó fi eyín jẹ ètè. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Orlena.

“Bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn.”

“Òtútù ni, Mọ́mì.”

“Mo ní kóo bọ́ ọ.”

Ó bọ́ ọ. Orlena kò nílò dókítà láti sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un. Ìdí àtàǹpàkò ti wú, ìka tó tẹ̀ lé e ti ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Látìgbà wo?”

“Èṣí. Wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí mọ́tò. Ilẹ̀ ni mò ń gbá.”

“Ìyàwó ẹ mọ̀?”

“Ó rò pé mo ṣì ń to mọ́tò.”

Orlena ti borí. Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ Dayton fún un mọ́. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú sáàrin tirẹ̀, inú rẹ̀ sì bà jẹ́ gidigidi. Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ìkọ́ náà ti kọ̀ fún un, kí wọ́n kó o lọ bí ẹrù, kí ọwọ́ ọmọ yìí ṣáà ti dá ṣáṣá.

“Ṣé ó ń dùn ẹ́ lóru?”

“Ó ń dùn mí, Mọ́mì.”