Ọkọ̀ Ìwòsàn Tó Gúnlẹ̀ sí Kútọnu

Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń ṣe ilé ìwòsàn nígbà ogun ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì, nígbà tí mi ò tíì fojú kan òkun rí. Ṣakí ni wọ́n bí mi sí. Odò tí mo mọ̀ dáadáa ni èyí tó máa ń gbẹ tí ọyẹ́ bá dé, tí àwọn màlúù á máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ̀kọ́ nípa ìtàn ni mo kà. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ló fún mi ní àkòrí náà, mi ò sì bá a jiyàn. Nígbà tí mo sin ìjọba tán tí mo padà sílé láìríṣẹ́, àwọn ará ilé wa gbọ́ ohun tí mo kọ ìwé lé lórí, wọ́n sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n máa ń bi mí bóyá inú kànga àgbàlá ni màá ti máa wa ọkọ̀ mi.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo padà sí. Òun ló tọ́ mi dàgbà, ìyá àgbà ni mo sì ń pè é. Òrí ló ń ṣe tà. Tí èso ẹmi bá ti ń já bọ́ nínú igbó, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ á ṣà á, wọ́n á sè é, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á, wọ́n á gún un, òórùn rẹ̀ á sì wà lára aṣọ gbogbo wa títí di ẹ̀ẹ̀rùn. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ gíga ni kókó kan ti yọ sí i lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Kò dùn ún, ìdí nìyẹn tí kò fi kà á sí. Nígbà tí mo máa fi dé, ó ti tó ọsàn ńlá, ó sì ti ń ti ahọ́n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Dókítà kan ní Ìbàdàn ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, pé egungun àgbọ̀n ló ń wú, àti pé iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò pátápátá. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá gé e, yóò máa dàgbà títí yóò fi dí ọ̀nà ọ̀fun. Owó tí wọ́n ní ká mú wá kọjá ohun tí ilé wa lè tà. Bó ṣe rí nìyẹn: à ń bá kókó náà sáré kó tó dí ọ̀fun ìyá àgbà.

Ó máa ń fi ìborùn bo ojú rẹ̀ tó bá ń jáde. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé ẹlẹ́hàá ni, wọ́n á yà fún un lọ́nà, àwọn ọlọ́kadà á sì rẹ ohùn wọn sílẹ̀. Ó ní kókó náà ti sọ òun di Àlájà láìjẹ́ pé òun dé Mẹ́kà.

Bàbá Onímọ́tò ló mú ìròyìn ọkọ̀ náà wálé. Àbúrò ìyá àgbà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó ra mọ́tò àlòkù ní èbúté Kútọnu, kó sì wà á gba ẹnubodè wọlé. Ó ní ọkọ̀ funfun kan ti gúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ga bí ilé alájà tí wọ́n gbé lé omi, dókítà ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì ń gé kókó ojú àti ti ọrùn fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń bá a ṣe pépà mọ́tò ní èbúté ti fi ọkùnrin kan hàn án tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú tẹ́lẹ̀. Ó ní àpá nìkan ló kù níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, àwọn àgbà ilé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí alákọ̀wé wá sọ ohun tó mọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ìwé tí mo kọ wúlò fún ẹnì kan.

Mo sọ fún wọn pé òótọ́ ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Bó ti pẹ́ tó ni kò dá mi lójú. Àwọn kan kọ ọ́ pé àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ní ọkọ̀ ogun kan tí orúkọ rẹ̀ jẹ mọ́ ìwòsàn, wọ́n sì tìtorí orúkọ náà sọ pé aláìsàn ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Mo ní orúkọ nìkan kò tó ẹ̀rí. Àgbà kan ní òótọ́ ni mo sọ, pé òun mọ ilé kan ní Ìgbẹ́tì tí wọ́n kọ “Ilé Àlàáfíà” sára rẹ̀, tí wọ́n sì ń jà níbẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́.

Ohun tó dájú ni pé nígbà tí àwọn òyìnbó ń fi ọkọ̀ ojú omi jagun, wọ́n máa ń ya ọkọ̀ tó ti gbó sọ́tọ̀ fún àwọn tó gbọgbẹ́. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó ń rùn, ọ̀pọ̀ tó sì wọ ibẹ̀ kò jáde láàyè. Nígbà tó yá ni àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe àdéhùn pé kí wọ́n kun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní funfun, kí wọ́n fa ìlà aláwọ̀ ewé sí i lára, kí wọ́n ya àgbélébùú pupa sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì kọlù ú. Níbi tí mo dé yìí, àgbà kan bi mí bóyá Mùsùlùmí lè wọ̀ ọ́. Mo ní àwọn ará Tọ́kì ya oṣù pupa sí tiwọn dípò àgbélébùú, ìyẹn sì dùn mọ́ ọn nínú. Mo ní nínú ogun àgbáyé, irú ọkọ̀ yìí gbé àwọn ọmọ ogun tó gbọgbẹ́ káàkiri, àti pé lẹ́yìn ogun ni àwọn aláàánú kan rò ó pé ohun tó wúlò lójú ogun lè wúlò nígbà àlàáfíà. Wọ́n ra ọkọ̀ akérò àtijọ́, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì àti dókítà sí i, wọ́n sì ń wà á lọ sí èbúté àwọn ilẹ̀ tí dókítà kò pọ̀ sí. Mo ní ó ṣeé ṣe kí èyí tó wà ní Kútọnu jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ìyá àgbà jókòó lẹ́yìn wa, ó ń ṣa ẹmi tó ti bàjẹ́ kúrò nínú èyí tó dára. Kò gbójú sókè.

“Àdéhùn tí wọ́n ṣe yẹn, ṣé wọ́n pa á mọ́?”

Mo ní wọ́n sábà máa ń pa á mọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan rì. Òmíràn gun àdó olóró tí wọ́n rì sínú òkun, nítorí àdó olóró kò mọ àgbélébùú. Òmíràn sì wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọlù.

“Àwọn tó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ ńkọ́, àwọn tí kò lè dìde?”

“Ọ̀pọ̀ wọn bá a lọ, mà.”

Bàbá Onímọ́tò kọjú sí mi. Ó bi mí bóyá ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ni mo ń sọ irú ìyẹn fún, pé ṣé ohun tí wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì nìyẹn.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ni ìyá àgbà wí. “Èmi ni mo bi í.”

Ó ku ìgbà tí a máa lọ. Èyí ni Bàbá Onímọ́tò mọ̀ ju gbogbo wa lọ, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọṣẹ́ níṣẹ́. Ó ní oníṣòwò mọ́tò tó gbọ́n kì í lọ sí èbúté nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìgbà yẹn ni àwọn ará Èkó àti àwọn ọ̀gá ńlá máa ń rọ́ lọ, tí ariwo máa ń pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í ka ará Ṣakí sí. Ará Ṣakí á jókòó sílé. Nígbà tí èrò bá ti dín kù, tí ọkọ̀ sì ti fẹ́ ṣíkọ̀, á wá yọ sí wọn, wọ́n á sì fún un ní àyè àti ẹ̀dínwó. Ọgbọ́n yìí ló fi kọ́lé.

“Ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀, ti alágbára ni,” ó wí. “Ẹ jẹ́ kó kù díẹ̀ kó lọ. Ọwọ́ àwọn dókítà á ti dilẹ̀, wọ́n á fara balẹ̀ ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi.”

Kò sẹ́ni tó ta kò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni adìẹ ṣe rí lọ́jà wa, bẹ́ẹ̀ ni iṣu ṣe rí. Ẹni tó ra ọjà nígbà tí ọjà ń tú ló ń jèrè. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ohun tí mo ti kà gbè é lẹ́sẹ̀ níbì kan: àwọn ọkọ̀ aláàánú máa ń pẹ́ ní èbúté, wọ́n lè lo ọ̀pọ̀ oṣù. Bí wọ́n ṣe ń yan aláìsàn kò sí nínú ohunkóhun tí mo kà, nítorí ogun ni mo kọ ìwé lé lórí, ogun kì í sì í yan aláìsàn. Mi ò ní ohun tí mo lè fi jiyàn. A fẹnu kò pé ó di ẹ̀yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀.

Nígbà tí ọdún kọjá, Bàbá Onímọ́tò wà wá lọ. Ní ẹnubodè, àwọn aṣọ́bodè rí obìnrin tó bojú lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n sì jẹ́ ká kọjá láìyẹ ẹrù wa wò. Ìyá àgbà sọ nínú mọ́tò pé jíjẹ́ Àlájà lérè. Ó ti ń ṣòro fún un láti sọ̀rọ̀ kó já gaara, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ìyẹn, a sì rẹ́rìn-ín.

Mo rí òkun. Mo ti rò pé nǹkan kan máa ṣe mí, àmọ́ ọkọ̀ ni ojú mi ń wá. Ó wà lẹ́yìn ògiri èbúté, ó funfun, ó ga ju ohun gbogbo tó yí i ká lọ. Bí Bàbá Onímọ́tò ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ gan-an ló rí.

Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì jẹ́ ará Kétu, nítorí náà a gbọ́ èdè ara wa. Ó kí ìyá àgbà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bi wá pé ọjọ́ wo ni wọ́n dá fún wa. Bàbá Onímọ́tò ní wọn ò dá ọjọ́ kankan fún wa, pé a mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí èrò lè tán ni.

 Ẹ̀ṣọ́ náà ní nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n pe gbogbo aláìsàn jọ, tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, tí wọ́n sì dá ọjọ́ fún àwọn tí wọ́n yàn. Láti ìgbà náà, àwọn yẹn ni wọ́n ń gbà wọlé. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ti gba iṣẹ́ abẹ. Ojú ọgbẹ́ nìkan ni wọ́n ń wẹ̀ báyìí, ọkọ̀ sì ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ó ṣáà wọlé lọ nítorí wa, ó sì mú nọ́ọ̀sì kan jáde, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń sọ Faransé. Nọ́ọ̀sì náà mú ìyá àgbà lọ sábẹ́ ìbòòji, ó ṣí ìborùn rẹ̀, ó tẹ kókó náà jẹ́jẹ́, ó ní kó yanu. Ó yẹ inú ẹnu rẹ̀ wò pẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ẹ̀ṣọ́ náà ló ń túmọ̀ fún wa. Ó ní irú èyí gan-an ni àwọn máa ń gé, pé ká ní a wá nígbà tí wọ́n ń yan èèyàn ni, kò sí ìdí tí wọn ò fi ní mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá gé egungun àgbọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ pẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún un wò léraléra. Wọn ò lè la èèyàn kí wọ́n sì ṣíkọ̀ lọ fi í sílẹ̀.

Bàbá Onímọ́tò bọ́ síwájú. Ó ti bá àwọn ará èbúté yẹn nájà láti ìgbà èwe rẹ̀, ohùn tó sì fi ń nájà ló fi sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n máa gbà, pé òun mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ tó ń lọ tí kì í ní àyè ẹyọ kan.

“Bàbá, wọn ò tà á,” ni ẹ̀ṣọ́ náà wí. “Ká ní wọ́n ń tà á ni, ẹ ì bá ti rí i rà.”

Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló fa ìborùn rẹ̀ padà. Ó ní kí n bá òun bi ẹ̀ṣọ́ náà bóyá wọ́n lè jẹ́ kí òun sún mọ́ ọkọ̀ náà kí òun rí i dáadáa. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó ń wò ó láàárín irin, títí tí tírélà kan fi dé tí wọ́n ní ká yà.

Bàbá Onímọ́tò wà wá padà sí Ṣakí. Mi ò lè sọ pé ó ṣe àṣìṣe tó yàtọ̀ sí ti gbogbo wa. Ohun tó mọ̀ nípa ọkọ̀ jẹ́ òótọ́ nípa gbogbo ọkọ̀ tó ti rí rí. Ní báyìí, ó máa ń lọ sí gáréèjì láti bi àwọn awakọ̀ tó ti Kútọnu dé nípa ohun tó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ fún un kò ju mọ́tò, ìrẹsì àti aṣọ òkìrìkà lọ. Ó ní kí n wá ibi tí ọkọ̀ funfun náà wà. Mo wá a lórí fóònù, mo sì rí i: ó ti jìnnà, ó kọjá ọ̀pọ̀ ẹnubodè, wọ́n sì ti yan àwọn aláìsàn tiwọn níbẹ̀ kó tó dé pàápàá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú ìyá àgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà kan níbí ní Ṣakí. Ó tan iná sí i lẹ́nu, ó sì fi òyìnbó sọ fún mi pé kókó náà ti dé ìdí ahọ́n. Ó ní yóò ṣòro láti kùn ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ báyìí, nítorí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà ti há. Mo bi í bóyá àwọn tó ní irinṣẹ́ tó dára jù lè ṣe é. Ó ní bóyá. Ìyá àgbà ò gbọ́ òyìnbó, àmọ́ ojú mi ló ń wò ní gbogbo ìgbà tí a fi ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a délé, ó jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí, ó ní kí n bu ògì fún òun. Mo gbé e wá. Kò tíì mu ún tó fi bi mí.

“Tí ọkọ̀ yẹn bá tún dé sí Kútọnu, ṣé wọ́n á ṣì lè gé e?”

Mo ro ohun tí dókítà sọ. “Bóyá” kì í ṣe “bẹ́ẹ̀ ni”, kì í sì í ṣe “bẹ́ẹ̀ kọ́”. Mo tún ro ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, àti bí kókó náà ṣe rí nígbà náà àti bó ṣe rí báyìí.

“Mi ò rò pé wọ́n á lè gé e mọ́, mà.”

Ó mi orí pé òun ti gbọ́. Ó fi ṣíbí bu ògì náà, ó gbìyànjú láti gbé e mì, ó sì dá a padà sínú abọ́.

“Lọ bu omi sí i,” ó wí. “Ó ti ki jù.”

Mo lọ bu omi sí i. Ó tọ́ ọ wò, ó tún ní kí n bu omi kún un. Nígbà tí mo gbé e padà, àwọ̀ ògì nìkan ló kù nínú omi náà. Ó fi orí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ tó ṣì ń gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún díẹ̀díẹ̀. Mo jókòó tì í kó má bàa pá a lórí.