Ẹ̀wà Abẹ́ Adìyẹ

Mo rántí ooru abẹ́ adìyẹ kan ní Ìbá, l'Ékòó, ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì lọ. Bí ènìyàn bá ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń sàba, ibẹ̀ gbóná dáadáa, kò sì jóni. Kí ọwọ́ náà tó jáde, adìyẹ á ti fi àgógó ṣá a.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mo wà ní ọdún àṣekágbá, wọ́n sì ní kí n ṣèwádìí bí òtútù àti ooru ṣe ń mú kí irúgbìn ẹ̀wà tètè hù tàbí kó pẹ́. Ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ ni ì bá bá mi ṣe é, ṣùgbọ́n iná ti lọ, kò sì dé mọ́. Bí n kò bá parí iṣẹ́ yìí, ọdún mìíràn á gorí èyí tí mo ti lò. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé bàbá mi ti sọ pé ìgbà tí mo bá jáde ni àbúrò mi obìnrin á tó lè wọlé. Ọmọ náà ti jókòó sílé tipẹ́, ó ń retí mi.

Mo wé ẹ̀wà sínú aṣọ tí mo rẹ sómi. Mo gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù ìyá onílé tí mo gba yàrá lọ́wọ́ wọn, níbi tó tutù, mo ti èkejì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ku ti ooru. Èmi ọ̀mọ̀wé gbé e sórí òrùlé páànù ilé ìdáná lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí mo fi máa padà ti Òkokomáíkò dé, ẹ̀wà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, ata àti epo ló kù. Ibi tí mo dúró sí tí mo ń káàánú ara mi ni mo ti rí adìyẹ ìyá onílé, tó ń sàba nínú páálí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n rà ní Àlàbá.

Ìyá onílé wò mí títí nígbà tí mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. "Ṣé ẹ̀wà lo wá fẹ́ kí adìyẹ mi máa pa báyìí? Tó bá kọ ẹyin sílẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, pírójẹ́ẹ̀tì mi ni. Àbúrò mi ò lè wọlé tí mi ò bá jáde."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Rọra tì í bọ̀ ọ́. Má fọ́ ẹyin mi o."

Mo wé ẹ̀wà mìíràn sínú aṣọ tútù, mo fi ọ̀rá tí mo dá lu wé aṣọ náà, mo ki tẹmómítà mọ́ ọn. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ wò ó ni èmi àti adìyẹ ń jà. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà abẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ hù. Ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tẹ̀lé e, ti ẹ̀gbẹ́ àmù ń falẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n jí lówùúrọ̀ ọyẹ́. Mo jó yí ilé ìdáná po, ìyá onílé sì bá mi jó.

Nígbà tí mo lọ ṣàlàyé iṣẹ́ mi, ọ̀gá tó ń bójú tó o bi mí pé, "Ẹ̀rọ wo lo lò fún ooru?"

"Adìyẹ ìyá onílé mi ni, sà."

"Kò sì jẹ ẹ́?"

"Kò jẹ ẹ́, sà. Ó sì ti pa àwọn ẹyin ẹ̀ náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì gba iṣẹ́ náà wọlé.

Àbúrò mi wọ yunifásítì lọ́dún yẹn, ó sì gba yàrá mi. Ọjọ́ tó kó ẹrù dé, ìyá onílé ò tíì kí i tán tí wọ́n fi bi í pé kí ni tirẹ̀ tó fẹ́ tì bọ abẹ́ adìyẹ. Ẹ̀rọ tí mo ń lò níbi iṣẹ́ lónìí ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, kì í ṣá ẹnikẹ́ni. Ìyá onílé ti fayé sílẹ̀. Bí èmi àti àbúrò mi bá ti pàdé, a máa ń sọ ọ̀rọ̀ wọn, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì ṣàdúrà fún wọn, torí wọ́n fi odindi ìtẹ́ ẹyin wewu nítorí ọmọ tí wọn ò tíì rí rí nígbà náà.