Àga Tí Ìyá Tún Ṣe De Ìyáálé Rẹ̀

Ọyẹ́ mú ní àárọ̀ ọjọ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí Olúmọ láti ojúde wa. Eruku bo orí páànù gbogbo ilé, ètè mi ti là, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Òòlù Ìyá nìkan ló ń dún. Kó, kó, kó. Á dákẹ́ díẹ̀, torí àárín ètè rẹ̀ ló kó ìṣó sí, ibẹ̀ ló sì ti ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo fi ìró màámi bo orí, mo sáré ré ojúde kọjá lọ bá a.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń pè é. Ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ, èmi ló sì máa ń rán níṣẹ́.

Àga ló ń tún ṣe, àga onígi alápá méjì, irú èyí tó máa ń wà ní pálọ̀ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba láyé ọjọ́un. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù àlòkù ló ti rà á. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, adìyẹ ti yé sínú tìmùtìmù rẹ̀, òórùn ìgbẹ́ adìyẹ sì gba ọ̀ọ̀dẹ̀ kan. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà tiwa, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣé àga ni Ìyá rà ni àbí ìtẹ́ adìyẹ. Ìyá ní àga lòun rà, ẹyin ni ènì.

Kì í ṣe ara rẹ̀ ló rà á fún. Ìyáálé rẹ̀ ló ń bọ̀ wálé.

Ìyàwó méjì ni ọkọ wọn ní, Ìyá sì ni ìkejì. Nígbà tí bàbá náà wà láyé, wọ́n ń gba ọjọ́ fún ara wọn ni. Ẹni tí ọjọ́ bá jẹ́ tirẹ̀ ló ń se oúnjẹ ọkọ, yàrá ọkọ ló sì ń sùn. Bí ọjọ́ ẹnìkan bá pé, á dé ẹnu ọ̀nà ẹnìkejì láàárọ̀, á ní, "Ó kàn ọ́," ọ̀rọ̀ ti parí. Màámi sọ pé kò sí ẹni tó gbọ́ ìjà wọn rí títí ọkùnrin náà fi kú.

Ẹtù kan ló dá ìjà sílẹ̀. Agbádá ẹtù tí bàbá náà wọ̀ lọ́jọ́ tó gbé ìyáálé níyàwó ni. Nígbà tí àwọn mọ̀lẹ́bí pín ẹrù, wọ́n ní kí Ìyá mú un, torí òun ló tọ́jú ọkọ nígbà àìsàn. Ìyáálé ní òun ló ni ẹtù náà, pé kí wọ́n tó mọ orúkọ Ìyá nínú ilé yẹn ni ọkọ ti wọ̀ ọ́ fún òun. Ìyá ní ohun tí wọ́n bá fún ni ni ti ẹni, ó sì tì í mọ́ inú àpótí aṣọ. Ni ìyáálé bá kó ẹrù rẹ̀, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò. Láti ìgbà náà, kò sun ilé yẹn mọ́.

Ọ̀hún ló ti wá ṣubú, tí ìbàdí rẹ̀ sì yẹ̀. Ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n kò lè jókòó sórí ẹní mọ́, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ dé orí àpótí ìdáná. Ọmọ rẹ̀ wá bá Ìyá, ó ní ilé ni ìyá òun ń béèrè ṣáá. Òun á gbé e wá. Bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, á dúró. Bí kò bá balẹ̀, òun á padà wá gbé e lọ́jọ́ kẹta, ìyẹn náà á sì jẹ́ òpin rẹ̀. Ìyá gbọ́, ó ní Ọlọ́run á mú wọn dé láyọ̀. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́ ló lọ ra àga.

Èmi ni mo bá a tú u. Ó fi ẹmú yọ ìṣó gbogbo, èmi ń tẹ́ wọn lórí òkúta, mo ń kó wọn sínú agolo mílíìkì. Ó fi àfọ́kù ìgò ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára igi, ó fi ewé eèpín ra á lé e títí ó fi ń jọ̀lọ̀ bí ikùn igbá. Mo ṣì ń gbọ́ ìró ewé náà, ṣìì, ṣìì, bí ẹni ń gbálẹ̀ nílé kejì. Ó gé àpò ìdọ̀họ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó hun ún há ara wọn bí ẹní, ó kàn án mọ́ ìsàlẹ̀ àga. Òwú igi àràbà ló kó lé e, èmi tí mo sì ń já a ń sín títí ojú mi fi pọ́n. Ọ̀dà náà, aláwọ̀ ewé ni, èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kun fèrèsé mọ́ṣáláṣí. Ó fi kẹrosíìnì là á. Nítorí eruku ọyẹ́, inú yàrá ló ti kùn ún, ó rẹ ìró sómi, ó fi kọ́ ẹnu ọ̀nà kí eruku lè lẹ̀ mọ́ ọn. A wá wà níbẹ̀, èmi àti òun, nínú òórùn ọ̀dà.

Ọkùnrin àdúgbò kan kọjá, ó gbé orí yọ lẹ́yìn ìró tútù náà. Ó ní, "Ìyá, ẹ ti di káfíńtà."

Ìyá kò wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Mú ìdí rẹ wá, kí n wọ̀n ọ́n."

Ní àárọ̀ ọlọ́yẹ́ tí mò ń sọ yìí, aṣọ ló kù. Ọjọ́ náà gan-an ni ìyáálé ń bọ̀, wọ́n ní kí ó tó di ìrun àsárì. Nígbà tí mo wọlé, àpótí aṣọ wà ní ṣíṣí, òórùn káfúrà ń ta sí mi nímú. Ìyá ti mú ẹtù náà jáde pé kí òun dá a padà. Kí n tó dé, bó ṣe sọ fún mi, ó ti tú ìká rẹ̀, ni ìmọ́lẹ̀ bá ń gba inú rẹ̀ wọlé. Kòkòrò ti jẹ ẹ́. Apá kan ló kù tó dára, kò ju ohun tó lè bo ìjókòó àga lọ. Kò sunkún. Ó gbọ̀n ọ́n, ó fi àáké kọ́rí pé kò ní padà sínú àpótí, ó mú àlùmọ́gàjí, ó sì gé e. Òun ló ń kàn mọ́ orí ìjókòó nígbà tí mo gbọ́ òòlù.

Ó kàn án tán, ó dúró sẹ́yìn, ó wò ó. Dúdú ẹtù náà lára ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ó wù mí. Ó ní kí n jókòó sí i, kí a wò ó bóyá ó gba ènìyàn. Mo yí ẹ̀yìn sí i, mo ń bẹ̀rẹ̀, ìdí mi kò tíì kàn án.

"Dúró," ló wí.

Mo dúró bẹ́ẹ̀, ìdí mi ṣì wà lókè. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó fà mí kúrò níbẹ̀.

"A kì í jókòó lé ọkọ lórí," ló wí. "Ẹ̀yìn là ń fi tì í."

Oòrùn ti ń gòkè. Ó ní kí n gbé ẹmú wá. A tú gbogbo ohun tó kàn láti òwúrọ̀, ìṣó kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹtù má baà ya. Ó gbé ẹtù náà lọ sí ibi ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n kò sí aṣọ fún ìjókòó mọ́. Ó wò yíká yàrá, ó wá tú kíjìpá tó ró sídìí, ó mú òmíràn ró, ó sì kan kíjìpá náà mọ́ orí ìjókòó. Èmi kò rí ohun tó wà nínú ìyẹn nígbà náà, pé ara rẹ̀ ló tẹ́ sábẹ́ ìyáálé rẹ̀. Mo kàn rí i pé kíjìpá lágbára.

Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì dé nígbà tí a ń gbá èérún igi kúrò nílẹ̀. Ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ìyáálé náà sì funfun nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbé e sọ̀ bí ẹyin. Ìyá kúnlẹ̀ lórí ìyẹ̀pẹ̀, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ìyáálé mi. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

Ìyáálé ní, "Hẹn. Ilé yín ṣì dúró."

Ó wọ ọ̀ọ̀dẹ̀, ó rí àga. Ó fi ọ̀pá ti ẹsẹ̀ àga náà wò bóyá ó ń mì. Nígbà tó rí ìfẹ̀yìntì, ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka kan tọ ìlà ẹtù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ìyókù ńkọ́?"

"Kòkòrò jẹ ẹ́, mà," ni Ìyá wí. "Èmi ni mo tì í mọ́lé. Èyí tó kù nìyí."

Mo rò pé wọn á jà. Ṣùgbọ́n ìyáálé ní kí ọmọ òun mú òun lọ sórí ibùsùn. Ọmọ náà sọ fún Ìyá lẹ́nu ọ̀nà pé òun á yà lọ́túnla, bí òun ti wí. Ìyá fi aṣọ bo àga kí eruku má baà ba ọ̀dà jẹ́, ó jókòó sórí àpótí ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò jẹun. Màámi wá fi ọwọ́ mú mi lọ sílé.

Àga kan wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kó ẹrù kúrò ní Alábàtà ni mo ti rà á, ọmọ ọmọ mi sì ní kí n sọ ọ́ nù, pé fóòmù rẹ̀ ti kú. Mo ti yọ ìṣó rẹ̀, mo ti kó wọn sínú agolo. Sáńpépà wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ewé eèpín wà lẹ́yìn ilé mi, òun ni mò ń lò. Àwọn tí mo bá ṣe àga fún máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ràn, torí kí n tó gé aṣọ, mo máa ń béèrè ẹni tó máa jókòó síbẹ̀, ìhà tó ń dùn ún, àti ohun tó fẹ́ fi ẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ̀ Ìyá ni mo ti mú un. Ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe púpọ̀, nínú àga àti nínú ilé ọkọ.

Lọ́jọ́ kejì tí ìyáálé dé, kí oòrùn tó là, mo pọn omi lọ fún wọn. Ìyáálé ti wà lórí àga. Èmi kò mọ bó ṣe dé ibẹ̀. Ó ti ṣí gèlè, ó fi ẹ̀yìn àti orí ti ẹtù náà, ó di ojú, ọwọ́ rẹ̀ kan ń ra kíjìpá tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá wà nílẹ̀ lórí àpótí ìdáná, ó ń ko iná, kò jẹ́ kí igi dún. Mo sọ omi kalẹ̀.

Ìyáálé wá la ojú. Ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀, ó rọra dìde, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá sáré pé kí òun mú un, ìyáálé fi ọwọ́ lé e sẹ́yìn. Ó di apá àga mú, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyàwó," ló wí, "ó kàn ọ́."

Ìyá nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ìró rẹ̀. Ó bọ́ bàtà sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá ọkọ, ó jókòó, ó sì rọra fi ẹ̀yìn tì í.