Igi Máńgòrò Orí Àjà

Bí ènìyàn bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi inú ọ̀rá, mo máa ń sọ pé igi ni mò ń yí. Wọ́n á wo ọwọ́ mi, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á ní, "Ìwọ obìnrin?" N kì í dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó ra omi rẹ̀ kó máa lọ.

Ẹ̀rọ tí ń yí igi ni bàbá mi fi tọ́ wa ní Ìkàrẹ́. Òun àti àbúrò rẹ̀ tó ń gbé Ọ̀kà ni wọ́n jọ dá owó rà á nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Bí o bá ti so igi mọ́ ọn, igi náà á máa yí bìrìbìrì, ìwọ á gbé ṣísù ẹlẹ́nu mímú sí i lára, wàá máa ha á díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di àwo, tàbí orí òpó bẹ́ẹ̀dì, tàbí ohunkóhun tó bá rí róbótó. Iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé lọ́dọ̀ wa, nítorí náà bàbá mi fi bẹ́líìtì so ẹ̀rọ náà mọ́ irú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń lọ ata. Bí ó bá ti ń dún, àwọn obìnrin tó jẹ́ àlejò ládùúgbò máa ń gbé ata wá bá wa.

Irin tó ń di igi mú lára ẹ̀rọ náà ni wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀kì. Eyín mẹ́rin ló ní. Ọdún tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá mi náà ni eyín méjì kán lára ṣọ́ọ̀kì, bí ẹni pé òun àti bàbá jọ ṣàdéhùn ni. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi kú, ohùn rẹ̀ sì lọ. Ọkùnrin tó máa ń fi èdè Ọ̀kà bú mi láràárọ̀, tó tún ń fi Yorùbá ilé ìwé pọ́n àwọn oníbàárà lé, kò ní ju "ẹ̀n-ẹ́n" lọ mọ́. Mo máa ń gbé e jókòó sórí àga ike lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, yóò sì máa wo ẹ̀rọ náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí n kò bá tan ẹ́ńjìnnì, kì í jẹun. Mo ti fi ẹja bẹ̀ ẹ́, mo ti fi ẹyin bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá ti gbọ́ ìró yẹn, ẹnu rẹ̀ kì í là.

Kò kọ́ mi níṣẹ́ náà. Ó ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ilẹ̀ ni mò ń gbá níbẹ̀ láti kékeré, ibi tí mo ti ń gbálẹ̀ ni ojú mi ti là, mo sì mọ gbogbo ohun tí ojú lè rí. Ohun tí ojú kò lè rí ni n kò mọ̀, n kò sì mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni àbúrò bàbá mi wá. Bàbá Ọ̀kà ni gbogbo wa ń pè é. Káfíńtà ni òun náà. Ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, ó wá sọ fún mi pé òun fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Ọ̀kà, pé ẹ̀rọ tí kò bá ṣiṣẹ́, ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́. Inú bí mi. Mo ní, "Sà, ó ń ṣiṣẹ́." Ó ní, "Kí ló fi ń di igi mú?"

Inú oṣù yẹn gan-an ni ìjọ kan lókè àdúgbò wa wó ilé ìjọsìn àtijọ́ wọn láti kọ́ tuntun. Wọ́n fẹ́ kí a fi òpó ìrókò ilé àtijọ́ náà yí àwo ọrẹ mẹ́fà, kí wọ́n lè lò ó lọ́jọ́ ìyàsímímọ́ ní oṣù kìn-ín-ní. Òpó kan ṣoṣo ni ikán kò jẹ. Ègé mẹ́fà péré ló jáde lára rẹ̀. Àwọn bíríkìlà ti fi ìyókù dáná.

Nígbà tí Bàbá Ọ̀kà tún wá, ó wo àwọn ègé ìrókò náà títí. Ó ní, "Ó dáa. Bí o bá yí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí wọ́n gbé e sórí pẹpẹ lọ́jọ́ yẹn, n kò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mọ́ títí n ó fi kú. Bí o kò bá lè yí i, ọmọ mi, jẹ́ kí n gbé e." Mo kúnlẹ̀, mo ní mo gbọ́. Bàbá mi náà gbọ́. Ó ń wò mí láti orí àga rẹ̀, mo sì mọ̀ pé oúnjẹ rẹ̀ ni a ń sọ yẹn.

Kò sí ibi tí n ó ti rí ṣọ́ọ̀kì mìíràn. Mo pinnu pé n ó ṣe ohun tí yóò máa bá mi di igi mú fúnra mi. Mo gba sipirókẹ́ẹ̀tì ọ̀kadà àtijọ́, irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé, mo gbé e lọ bá wẹ́dà kan pé kó jó nọ́ọ̀tì ńlá mọ́ ọn láàárín, kí n lè fi dè é mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Wẹ́dà náà bi mí pé ta ni ọ̀gá mi. Mo ní ọ̀gá mi wà nílé, kò lè sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá tó dáa jù lọ nìyẹn." Mo rẹ́rìn-ín, n kò fẹ́ kó ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dè é, kò ṣe déédéé, gbogbo ìsọ̀ ń gbọ̀n, páànù orí wa ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wẹ́dà náà já a tó tún un jó kó tó tọ́. Mo wá ń fi sukúrúù de ìdí igi mọ́ irin yẹn, mo sì lè gbẹ́ inú àwo.

Ṣùgbọ́n sukúrúù máa ń fi ihò sílẹ̀ ní ìdí àwo, ta ló fẹ́ fi ọrẹ sínú àwo tó ní ihò? Àfi kí n dojú àwo kọ ẹ̀rọ, kí n ha ìdí rẹ̀ títí ihò yóò fi tán. Láti ṣe èyí, igi ńlá kan ni wàá gé róbótó, wàá dè é mọ́ irin náà, wàá gbẹ́ ojú ọ̀nà yí i ká tó ṣe déédéé ẹnu àwo, wàá ti ẹnu àwo bọ inú rẹ̀ kó há pinpin, bí ìdérí tó fún lẹ́nu ìkòkò. Igi ni yóò di igi mú. Igi náà sì gbọ́dọ̀ ti gbẹ. Igi tútù yóò súnkì, ohun tó há lánàá yóò tú lónìí.

Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù, nítorí a ní àjà. Orí àjà ilé ìdáná ni bàbá mi máa ń kó igi rẹ̀ sí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Oṣù mẹ́fà, kò dín. Ó máa ń sọ pé igi tí kò tíì gbé orí àjà, ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ ni. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn ti wó igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa. Mo gé ègé mẹ́rin tó nípọn lára rẹ̀, mo gòkè, mo tò wọ́n sórí àjà bí bàbá mi ṣe máa ń tò ó. Mo fún un ní oṣù méje, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo kánjú.

Nínú oṣù kọkànlá ni mo gbé ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀. Ara rẹ̀ dúdú fún èéfín, bí igi bàbá mi ṣe máa ń dúdú. Mo ń gbé e kọjá lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí bàbá mi na ọwọ́ òsì. Mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ó fi oríkèé ìka kàn án, ó tẹ́tí. Ó tún kàn án. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Ó wá mi orí, ó ti igi náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó nàka sí ilé ìdáná. Mo ní, "Ebi ń pa yín, Bàbá?" Ó mi orí. Ó tún nàka sí ilé ìdáná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń nù ún, ó ń nù ún, ó ń wò mí.

Mo gbé ẹ̀kọ wá fún un. Ó tì í. Mo ní bóyá ojú ló ń dùn ún, mo lọ mú oògùn ojú, mo dá orí rẹ̀ sẹ́yìn, mo kán an sí i lójú méjèèjì. Kò janpata. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Bí àìsàn yẹn ṣe máa ń ṣe wọ́n ni, wọ́n á kàn máa sunkún láìnídìí. Mo gbé igi mi, mo lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó há. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó há dáadáa. Kí Kérésìmesì tó dé, mo ti parí àwo mẹ́ta, ìdí wọn ń dán, ẹ ò ní mọ̀ pé sukúrúù kankan débẹ̀ rí. Bàbá mi ń jẹun. Mo ń kọrin nínú ìsọ̀, èmi tí n kò lóhùn. Lẹ́yìn náà ni bẹ́líìtì já, ẹni tó ń tà á sì ti lọ ṣọdún nílé wọn. A dúró di ẹ̀yìn ọdún tuntun.

Ọyẹ́ ọdún yẹn le. A kò rí àwọn òkè àpáta tó yí wa ká rárá, ètè gbogbo ènìyàn là. Àárọ̀ tí mo fẹ́ ṣe àwo kẹrin, Bàbá Ọ̀kà wọlé dé láti wo ibi tí mo bá iṣẹ́ dé. Nígbà tí mo ti àwo bọ inú igi máńgòrò náà, ó wọlé wẹ́rẹ́, kò há bíi tàtẹ̀yìnwá. Mo rí i. Mo ká bébà sí i lẹ́nu kó lè fún. Ì bá jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, ǹ bá dúró wò ó. Ṣùgbọ́n Bàbá Ọ̀kà dúró, mo sì fẹ́ kó rí mi. Ìgbéraga ni, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo tan ẹ́ńjìnnì. Bàbá mi pariwo lórí àga rẹ̀, "Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n," mo sì rò pé inú rẹ̀ ń dùn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ṣísù kàn án ni. Igi máńgòrò náà là sí méjì, àwo fò gba etí mi kọjá, ó lu ògiri, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Bàbá Ọ̀kà ló pa ẹ́ńjìnnì. Ó gba ọwọ́ mi méjèèjì, ó yẹ̀ wọ́n wò síwá sẹ́yìn, ó yẹ ojú mi wò. Ó ní, "Ọmọ mi, ojú rẹ ni ì bá bà." Kò bú mi. Ì bá bú mi, ǹ bá rí ohun tí n ó fi bínú sí i. Kò sí ìrókò mìíràn, ẹnikẹ́ni kò sì lè yí àwo mẹ́fà lára ègé márùn-ún. Ìjọ gba àwo mẹ́ta tó ti parí, wọ́n fi abọ́ ike mẹ́ta kún un. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọkọ̀ wá gbé ẹ̀rọ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ ni mo gun orí àpótí nílé ìdáná láti kó ègé máńgòrò mẹ́ta tó kù dànù. Ọwọ́ mi bà wọ́n, wọ́n tutù. Mo rọra fi ìka pa dúdú ara wọn, ó ṣí kúrò. Èéfín àtijọ́ tó ń jábọ́ láti ara páànù ni, lásán ló bà lé wọn. Mo wo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi, sítóòfù gáàsì ló wà níbẹ̀. Nígbà ayé ìyá mi, igi ìdáná ló ń jó níbẹ̀ lójúmọ́, o kò lè dúró níbi tí mo dúró sí yìí kí omi má bọ́ lójú rẹ. Èmi ni mo ra gáàsì náà nígbà tí ojú ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, gbogbo ẹbí ló sì yìn mí. Ìyá mi ti kú, gáàsì wà níbẹ̀, èmi sì ń to igi sórí iná tí kò sí. Ọwọ́ tó ń nu ojú yẹn, èéfín ni bàbá mi ń sọ fún mi.

Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré, a máa ń fi ṣeré. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, mo ní, "Bàbá, gáàsì ni. Kò sí èéfín." Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ rẹ̀, oògùn ojú ni mo kán sí i lójú.

Mo lọ sí Ọ̀kà nígbà Àjíǹde. Ẹ̀rọ náà wà lábẹ́ tapólì lẹ́yìn ilé. Bàbá Ọ̀kà náà kò rí ṣọ́ọ̀kì rà. Ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ fi ń lọ ata fún àwọn ará àdúgbò.

Mo ṣì ń gbé bàbá mi jókòó sí àyè rẹ̀ láràárọ̀, torí n kò mọ ibòmíràn tí n ó gbé e sí. Àwọn páálí bísíkíìtì mi àti omi inú ọ̀rá ló wà níbi tí ẹ̀rọ wà tẹ́lẹ̀. Bàbá mi ti gbẹ, aṣọ kò dúró lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn yóò fi oríkèé ìka kan apá àga ike tó jókòó lé, yóò tẹ́tí, yóò sì mi orí. Mo mọ ohun tó ń sọ báyìí: igi náà kò tíì gbẹ. Mo gbé ẹ̀kọ síwájú rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, ó sì yíjú sí ògiri.