Olóṣèlú Amẹ́ríkà àti Ewúrẹ́ Rẹ̀

Ìbò Amẹ́ríkà fẹ́ tú ilé wa ká ní Dagenham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí lónìí o!

Dádì mi ń wo fídíò oníjàkadì kan tó ń du ipò gómìnà lọ́hùn-ún. Ewúrẹ́ ló ń fà kiri fi ṣe kámpéènì.

Dádì ní, "Ẹni tó bá lè darí ewúrẹ́, á darí ìlú!"

Mọ́mì yọjú láti kíṣìnì. "Bàbá Títí, ìbò kánsílọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹ ní òtútù pọ̀, ẹ ò jáde."

Kí Dádì tó fèsì, ewúrẹ́ inú fídíò já ìwé ìlérí tí ọkùnrin náà ń kà gbà, ó sì jẹ ẹ́.

Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ewúrẹ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n dìbò fún. Tó bá rí irọ́, ó mọ̀ ọ́n!"

Dádì bínú wọ yàrá.

Èmi ti wà lẹ́yìn ewúrẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́?